Ẹ̀gúsí Nínú Ọbẹ̀ Aláboyún àti Nínú Oúnjẹ Ọmọ

Ẹ̀yin aláboyún àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ohun kan tí ó ti wà nínú ilé ìdáná yín tipẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ẹ̀gúsí. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ obìnrin léèrè pé kí ni ẹ̀gúsí wà fún, wọn yóò dáhùn pé ó wà láti mú ọbẹ̀ ki. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọbẹ̀ tí kò ki kì í dúró lórí òkèlè, a máa ṣàn lọ bí omi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè mú ọbẹ̀ ki pọ̀. Ìyẹ̀fun lè mú un ki. Ẹ̀lùbọ́ lè mú un ki. Àpọ̀n a máa mú un fà. Obìnrin tí ó lóyún kò gbọdọ̀ wo kíki ọbẹ̀ nìkan. Kí ó wo ohun tí ó mú un ki.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀. Oúnjẹ tí ó ń kún inú wa jù ní ilẹ̀ yìí ni ẹ̀bà, àmàlà, fùfú, iyán àti ẹ̀kọ. Wọ́n ń fún ni lágbára, a kò kẹ́gàn wọn. Ṣùgbọ́n nínú gíráàmù 100 gàrí, èròjà amúaradàgbà tí ó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ. Amúaradàgbà yìí ni ara fi ń mọ ẹran ara, òun ni ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀. Òun ni ọmọ inú fi ń dàgbà láti orí ohun tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan títí yóò fi di ọmọ tí a ń gbé jó. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀gúsí gbígbẹ tí a ti bó, nǹkan bíi gíráàmù 28 ni amúaradàgbà, òróró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Ẹyin adìẹ kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Nítorí náà, bí ẹ̀gúsí gíráàmù 40 bá wọ inú ọbẹ̀ tí ẹnì kan jẹ, ó ti rí nǹkan bíi gíráàmù 11, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹyin méjì ní iye.

A sọ pé ní iye, nítorí pé ti ẹyin, ti ẹja àti ti ẹran dára ju ti ẹ̀gúsí lọ fún ara láti lò. Ohun kan wà tí ó dín nínú ti ẹ̀gúsí. Ẹ̀wà ní ohun náà dáadáa, ẹja àti edé sì ní i. Ìdí nìyí tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí a fi edé tàbí ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí fi sàn ju èyí tí a sè ní òun nìkan lọ. Àwọn ìyá wa àgbà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí dókítà kankan tó dé.

Ẹ tún wo bí ó ṣe ń mú ọbẹ̀ ki. Ìyẹ̀fun àti ẹ̀lùbọ́ a máa wú nínú omi gbígbóná, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń rí i bí ẹ bá ń ro àmàlà. Ti ẹ̀gúsí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá kàn án, amúaradàgbà inú rẹ̀ a dì, bí funfun ẹyin ṣe ń dì lórí iná, a sì fa omi ọbẹ̀ mọ́ra. Òróró inú rẹ̀ a wá jáde, a léfòó sójú ìkòkò. Ohun tí ó ń mú ọbẹ̀ yín ki gan-an náà ni ohun tí ó ń mú ọmọ inú yín dàgbà. Ti àpọ̀n tún yàtọ̀: ṣíbí díẹ̀ péré ti tó láti mú odidi ìkòkò fà, nítorí náà èyí tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwo kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àpọ̀n kò ṣẹ̀. Kí ó ṣáà wá amúaradàgbà rẹ̀ sí ibòmíràn.

Ẹ̀gúsí ti wọ́n lọ́jà, a mọ̀. Àwọn kan a máa fi nǹkan lé e kí ó lè pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sóyà ni ẹ fi lé e nílé, kò burú rárá, nítorí pé amúaradàgbà kún inú àwọn náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun tàbí búrẹ́dì gbígbẹ tí a lọ̀, ọbẹ̀ yóò ki, ojú yóò sì rò pé oúnjẹ dé, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ ti jẹ tẹ́lẹ̀ nínú òkèlè náà ni ẹ tún ń jẹ. Ohun tí a ti lọ̀ sílẹ̀ lọ́jà kò ṣeé mọ̀ dájú. Ó sàn kí ẹ ra ẹ̀gúsí ní odidi, kí ẹ ṣà á, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ fúnra yín, ìbáà jẹ́ agolo mílíìkì kan péré ni agbára yín ká.

Ta ni ó ń jẹ ọbẹ̀ náà?

Ní ilé púpọ̀, ẹran jẹ́ ohun tí a ń kà. Bàbá ní tirẹ̀, àgbàlagbà inú ilé ní tirẹ̀, àlejò tí ó bá yà ní tirẹ̀. Ìyá tí ó dúró ti iná ni ó ń kẹ́yìn, nígbà mìíràn omi ọbẹ̀ àti egungun ni ó máa kù fún un. A kò ní kí ẹnikẹ́ni dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé nítorí ẹran. Ọkọ tí ó bá ń ka ìwé yìí, kí ó rò ó wò fúnra rẹ̀ pé ẹni méjì ni ó ń jẹun nínú àwo ìyàwó òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gúsí kì í ṣe ohun tí a ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ. Inú ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni oore rẹ̀ wà, ẹni tí ó bá rí ọbẹ̀ ti rí tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin aláboyún, ẹ ro ìkòkò dáadáa kí ẹ tó bù ú, nítorí pé ẹ̀gúsí a máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì bu tiyín sọ́tọ̀ kí ìkòkò tó di fífọ̀. Ẹ dín òkèlè kù díẹ̀, ẹ fi kún ọbẹ̀. Ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ ṣíbí kan kì í ṣe oúnjẹ aláboyún.

Pọ̀nmọ́ dùn lẹ́nu, ó sì ń mú kí ọbẹ̀ dà bí ọbẹ̀ ẹlẹ́ran. Amúaradàgbà inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ó lè dá ara kọ́. Owó pọ̀nmọ́ mẹ́ta, bí a bá fi ra edé tàbí ẹja ṣáwá, yóò ṣe ọmọ inú yín láǹfààní jù.

Ẹ ti gbọ́ pé kí aláboyún má jẹ ìgbín, kí ọmọ rẹ̀ má baà máa da itọ́. Ẹ sì ti gbọ́ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu gbogbo ọmọ tí ó ń hu eyín, yálà ìyá rẹ̀ jẹ ìgbín tàbí kò jẹ ẹ́, ẹyin kò sì sọ ọmọ kankan di olè rí. Síbẹ̀, a mọ̀ pé ìyàwó tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ kò lè máa bá àgbà jiyàn lójoojúmọ́. Kí ọ̀rọ̀ ìgbín tó yanjú, ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, kì í sábà sí ẹni tí yóò ka èèwọ̀ rẹ̀ fún yín.

Yíyàn àti títọ́jú

Oríṣi méjì ni ẹ̀gúsí tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàrà ń fà nílẹ̀ láàárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ìtóò ní tirẹ̀ a máa gun igi. Èyí tí ẹ bá rí nínú méjèèjì dára. Bí àgbẹ̀ bá ká bàrà, yóò là á, yóò jẹ́ kí inú rẹ̀ jẹrà fún ọjọ́ mélòó kan, yóò wá fọ èso rẹ̀ kúrò nínú ìdọ̀tí náà, yóò sì sá a sóòrùn. Níbẹ̀ ni ewu ti ń wọlé. Bí omi tí a fi fọ̀ ọ́ bá dọ̀tí, tàbí tí a sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí eruku àti èéfín ọkọ̀ ti ń bà lé e, ìdọ̀tí náà yóò bá a dé ilé yín. Èyí tí ó tún burú jù ni kí a kó o sínú àpò kí ó tó gbẹ dénú.

Ẹ̀gúsí tí kò gbẹ dáadáa a máa bu. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí. Oríṣi ohun tí ó ń bu oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà tí ó ní oró nínú, àwọn onímọ̀ ń pe oró náà ní aflatoxin. Ẹ̀pà, àgbàdo àti ẹ̀gúsí wà lára ohun tí ó ń mú. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì dára fún ìdàgbà ọmọ. Sísè kì í pa á. Dídín kì í pa á. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé ẹ óò ṣà èyí tí ó bu kúrò, kí ẹ sì lọ ìyókù, nítorí pé oró náà lè wà nínú èyí tí ojú yín kò rí. Bí ẹ bá rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dúdú tàbí ó ti yí padà sí àwọ̀ ewé, tí ó ń rùn bí ilé tí a kò ṣí fèrèsé rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, tàbí tí ó korò bí ẹ bá fi eyín gé ẹyọ kan, ẹ dà á nù. Ó dunni kí owó ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi í fún adìẹ, nítorí pé oró náà ń pa adìẹ pẹ̀lú.

Ẹ̀gúsí tí ó wà nínú èèpo ń pẹ́ ju èyí tí a ti bó lọ, èyí tí a ti bó sì ń pẹ́ ju èyí tí a ti lọ̀ lọ. Òróró pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá lọ̀ ọ́, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i, kì í pẹ́ tí yóò fi máa rùn, tí yóò sì korò. Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ sè ni kí ẹ lọ̀. Ẹ kó ìyókù sínú agolo gbígbẹ tí ó ní ìdérí, ẹ gbé e sí ibi tí ooru iná kò ti kàn án.

Sísè rẹ̀

Ẹ óò bi wá pé ta ni kò mọ ẹ̀gúsí sè. A mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ nínú ohun tí a ń rí ni a fẹ́ tọ́ka sí. Ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ a máa da òróró pupa tí ó pọ̀ sí ìkòkò, a jẹ́ kí ó gbóná títí yóò fi funfun, kí ó tó da ẹ̀gúsí sí i. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀gúsí ní òróró tirẹ̀, òróró pupa díẹ̀ ti tó. Aláboyún tí oúnjẹ ti ń ta láyà yóò rí i pé ara òun rọ̀ bí òróró bá dín kù. Ní èkejì, àwọ̀ pupa inú òróró yẹn ni ara fi ń ṣe fítámì A tí ó wà fún ojú àti fún awọ ara. Bí ẹ bá sun ún títí tí ó fi funfun, ẹ ti sun oore rẹ̀ dà nù.

Ẹ lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, ẹ sè é pẹ̀lú òróró díẹ̀. Ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí lílọ̀ títí yóò fi ki bí ẹ̀wà àkàrà, kí ẹ tó máa fi ṣíbí bù ú sínú ọbẹ̀ tí ó ń hó. Ẹ má tíì rò ó bí ẹ bá fẹ́ kí ó dì lódì lódì. Ẹ dé e, kí iná má pọ̀, kí ó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí òróró rẹ̀ yóò fi jáde. Ẹ fi irú, ẹja tàbí edé sí i. Ẹ̀fọ́ ni ó kẹ́yìn, ìbáà ṣe tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre tàbí ewúro. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá gé e tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, tàbí tí ẹ fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ tí ẹ sì da omi náà nù, ibi tí omi náà lọ ni púpọ̀ nínú oore ẹ̀fọ́ lọ. Iyọ̀ tí a kọ àyódíìnì sí lára ọ̀rá rẹ̀ ni kí ẹ lò, ọpọlọ ọmọ inú nílò rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ yín

Ẹ̀gúsí ní irin nínú, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀fọ́ sì ní i. Ṣùgbọ́n irin inú ohun ọ̀gbìn kì í tètè wọ ara bí ti inú ẹran àti ẹja. Bí ẹ bá fi ọsàn kan tàbí ìbẹ́pẹ fá oúnjẹ náà, yóò wọ ara jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíì àti kọfí a máa dí i lọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ mu tíì, kí ó tó wákàtí kan tàbí méjì sí àkókò oúnjẹ.

Ibi yìí ni a fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún yín ní ilé-ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tí oyún ń béèrè ju èyí tí oúnjẹ nìkan lè pèsè lọ. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kí aláboyún máa lo irin mílígíráàmù 30 sí 60 àti fólíìkì ásíìdì mílígíráàmù 0.4 lójoojúmọ́, kí ó sì rí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kí ó tó bímọ. Oògùn náà lè mú ìgbẹ́ yín dúdú. Kò léwu. Bí ó bá ń rìn yín lọ́kàn, ẹ máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ má sì jù ú sábẹ́ ẹní kí ẹ wá sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ti lò ó tán. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré lè bímọ láyọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó dà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí kò ní ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan, wá gba ẹ̀mí rẹ̀. Bí abẹ́ ìpéǹpéjú yín àti àtẹ́lẹwọ́ yín bá funfun, tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹ bá rìn díẹ̀, tí òyì sì ń kọ́ yín, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìbímọ, àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀gúsí ń mú omi ọyàn wá. Ohun tí ó ń mú omi ọyàn wá jù lọ ni kí ọmọ máa mu ún nígbàkúùgbà, lọ́sàn-án àti lóru. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fún un lọ́yàn, kí ara yín má baà gbẹ.

Ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà

Títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, omi ọyàn nìkan ti tó o. Kò nílò omi, kò nílò àgbo, kò sì nílò ọbẹ̀ kankan. Láti oṣù mẹ́fà lọ ni oúnjẹ yóò bá ọyàn rìn títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fà sẹ́yìn, ẹ̀kọ mímu sì ni ó sábà ń fà á. Ẹ̀kọ tí ó ṣàn bí omi yóò kún ikùn ọmọ kékeré, yóò sùn, ìyá yóò sì rò pé ó ti yó. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó, tí ó sì jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń jẹ lẹ́yìn ọyàn. Ní ọdún 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gã ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, èyí tí ó túmọ̀ sí àìsàn tí ó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí a bá bí àbúrò rẹ̀. Lónìí, àwọn oníṣègùn mọ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru, èéyi àti àwọn àrùn mìíràn wà lára ohun tí ó ń fà á, pẹ̀lú àìtó oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lásán ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ mú ẹ̀kọ ọmọ ki, kí ó lè dúró lórí ṣíbí. Ẹ lọ ẹ̀gúsí tí ó mọ́ títí yóò fi kúnná, ẹ po ṣíbí ìjẹun kan mọ́ ògì tútù tí ó tó fún oúnjẹ kan, kí ẹ tó gbé e ka iná, kí ẹ sì sè é títí yóò fi jinná dáadáa. Òróró inú ẹ̀gúsí yóò fún ọmọ náà lágbára láìjẹ́ pé ikùn rẹ̀ kún jù. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè fi ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ tí ẹ sì ti gún dípò rẹ̀, tàbí ẹyin tí ó jinná, tàbí ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀. Bí ó bá ti ń jẹ iṣu tí a tẹ̀, ẹ bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún un kí ẹ tó fi ata sí ti àwọn àgbà. Ẹ má ṣe fi odidi ẹ̀gúsí sí ọmọ kékeré lọ́wọ́ láé, kódà bí a bá yan án tí ó ń ta sánsán. Ó lè há a lọ́fun, ó sì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Oúnjẹ ọmọ tí ó ṣẹ́ kù láti àárọ̀, ẹ má gbé e dè é di alẹ́. Ọwọ́ yín àti ọwọ́ ọmọ, ọṣẹ ni kí ó kàn án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò bá fẹ́ ẹ lọ́jọ́ kìíní, ẹ má fipá rọ ọ́. Ẹ tún gbé e fún un lẹ́yìn ọjọ́ méjì, díẹ̀ ní ṣóńṣó ṣíbí.

Ẹ máa gbé e wá wọ̀n lóṣooṣù. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní nǹkan bí ọdún 1957, Dókítà David Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ó bá a ṣiṣẹ́ láti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ọmọ, wọ́n sì ń fa ìlà ìdàgbà wọn sórí káàdì tí ìyá lè gbé lọ sílé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ di ohun tí a ń lò káàkiri ayé. Ìyá tí kò lè kàwé pàápàá lè rí i bóyá ìlà náà ń gòkè tàbí ó ń sùn gbalaja. Bí ìlà ọmọ yín kò bá gòkè ní oṣù méjì tí ó tẹ̀ léra, ẹ má dúró de oṣù kẹta. Ẹ gbé e wá pẹ̀lú káàdì rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì gbogbo ohun tí ọmọ náà fẹnu kàn lánàá, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí ó sùn.